Ọgbọ̀n Wáàtì fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, nọ́ńbà tí wọ́n bá kọ sára ẹrù, ìdajì rẹ̀ ni kí èèyàn gbà gbọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bẹ́ẹ̀ níléèwé, ṣọ́ọ̀bù ni mo ti kọ́ ọ. Láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń tún sitabiláísà àti ìńfátà ṣe ní Ṣàngó níhìn-ín, ẹrù tó sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀ kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ mi. Bátìrì tí wọ́n kọ igba sí lára kì í gbé ju ọgọ́rùn-ún lọ. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ní ó lè gbé odindi ilé, ẹ so áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo mọ́ ọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í kérora bí ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn. Sípíkà tí wọ́n kọ ẹgbẹ̀rún wáàtì sí níwájú, ohùn rẹ̀ kì í dé òdìkejì títì. Bí oníbàárà bá gbé irú rẹ̀ wá, tó ń bínú pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, mo máa ń sọ fún un pé kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ, òun ló lọ ka nọ́ńbà tó sì gbà á gbọ́.

Ti ìwé tó máa ń bá ẹrù wá, èyí tí wọ́n ń pè ní mánúáàlì, ìyẹn kò lọ́rọ̀ nínú. A kì í kà á. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹrù tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, ìwé rẹ̀ ti sọnù sílùú òyìnbó kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Èyí tó bá sì bá ìwé dé, abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tí kò dọ́gba ni ìwé náà ń lọ. Ìdí pàtàkì kan sì wà níbẹ̀. Bí oníbàárà bá wọlé tó bá yín tí ẹ ń ka ìwé lórí ẹrù rẹ̀, á rọra gbé ẹrù náà, á ní òun ń lọ kírun, òun ń bọ̀. Ẹ ò ní rí i mọ́. Àwọn kan lára wa máa ń gbé ìwé náà lọ sílé lọ kà á, bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò. Èmi ò tilẹ̀ gbé e lọ sílé.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi wá bá.

Ọmọ ìyá mi ni. Ó fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ, òun ló sì san owó iléèwé mi, òun ló fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tí mo ti kọ́ṣẹ́. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ilé rẹ̀ wà ní Adéwọlé. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n fún ìjọba nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, inú igbó ni wọ́n máa ń wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, ibẹ̀ ló ti kọ́ sìgá. Wọ́n ní èéfín rẹ̀ ń lé ẹ̀fọn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e wá sí ọ́fíìsì tí kò ní ẹ̀fọn kankan, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Ó ní èèyàn kì í mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ kì í gba èéfín láyè nínú ilé. Nítorí èyí, ẹ̀gbọ́n mi ní jàlàbíà kan, aláwọ̀ eérú, tó máa ń gbé kọ́ sára igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé. Bó bá fẹ́ fa sìgá, á jáde lọ wọ jàlàbíà náà, á fà á tán, á bọ́ ọ kọ́ padà, á yọ ẹnu, á ṣe àlùwàlá, á wọlé. Ó ń ṣe èyí bí ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́, òjò kì í dá a dúró. Bí ẹ bá rí bó ṣe ń jáde tó ń wọlé lásìkò lásìkò, ẹ ó rò pé wọ́n ti gbà á padà sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí ni àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Òun ló máa ń ṣe ìmáàmù fún àwọn ará ilé rẹ̀, ó sì di pé kò lè ka áyà Kùránì kan délẹ̀ kó má dúró mí lágbede méjì. Dókítà wò ó, ó ní bó bá fi sìgá sílẹ̀, àyà náà ṣì lè gbádùn díẹ̀. Bí kò bá fi sílẹ̀, kó má wulẹ̀ padà wá bi òun ní nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí. Bàbá wa ò pẹ́ láyé, ẹ̀gbọ́n mi yìí ni mo mọ̀ ní bàbá. Ẹ̀rù ba òun náà, kò kàn jẹ́ kó hàn ni. Ó ní òun ti dá àníyàn pé kí oṣù ààwẹ̀ tó lé, sìgá á ti kúrò lọ́wọ́ òun. Ó ku bí oṣù méjì nígbà náà. Ó ti máa ń dá irú àníyàn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa sọ ọ́ fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Ọlọ́run.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nílùú òyìnbó. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì fi sìgá oníbátìrì ránṣẹ́, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní fépù. Kò gùn ju ìka lọ, ó wúwo bí òkúta. Bátìrì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ife kékeré kan wà lókè tí wọ́n ń rọ omi olóòórùn sí, wáyà tín-ínrín kan tí wọ́n ń pè ní kọ́ìlì sì wà nínú ife náà tí òwú yí i ká. Èèyàn á tẹ bọ́tìnnì, wáyà á gbóná, omi tó wà lára òwú á di ooru, èèyàn á fà á bí ẹni fa sìgá. Nọ́ńbà kan wà lójú rẹ̀ tí wọ́n lè gbé sókè gbé sílẹ̀, ìyẹn ni wáàtì, iye agbára tí wáyà náà máa fi gbóná.

Ẹni tó fi rán ti di ẹrù tó pọ̀, ni ọmọ náà bá yọ ẹ̀rọ náà kúrò nínú páálí, ó ki í bọ inú ìbọ̀sẹ̀ kan, ó ki kọ́ìlì tuntun méjì bọ ìkejì. Páálí àti ìwé inú rẹ̀ ṣẹ́kù sínú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná rẹ̀ níbẹ̀. Ó wá gba ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù pé, "Dádì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kí ẹ fi sí o. Ẹ má kọjá ibẹ̀." Gbogbo ẹ̀kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi rí gbà lórí ẹ̀rọ náà nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta ló wọ kẹ̀kẹ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé e lé orí tábìlì níwájú mi.

"Kò dé ibì kankan," ó ní. "Bí ìgbà tí wọ́n fún èèyàn ní ògì tí wọ́n sì gbàgbé láti fi ògì sí i ni."

"Iye wo lẹ fi sí, Bùọ̀dá?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ọmọ wí. Àbí kí n gbé e sókè díẹ̀?"

"Ẹ má tíì gbé nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń gbé jáde."

Mo mú mítà mi. Mítà yẹn ti pé ọdún mẹ́rìnlá lọ́wọ́ mi, òun nìkan sì ni nǹkan tó ní nọ́ńbà lójú nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn tí mo gbà gbọ́ láìpín in sí méjì. Mo tú ife, mo fi ẹnu mítà kan ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì, ẹ̀gbọ́n mi tẹ bọ́tìnnì. Mo ṣírò ohun tí mo rí sára páálí kan. Mo tún un ṣírò. Wáàtì méje àti ààbọ̀ ni.

Inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, inú mi dùn gan-an ni. Ìdajì gééré, kò lé, kò dín. Ó dà bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ti gbọ́ ohun tí mo ti ń sọ láti ọdún pípẹ́.

"Ẹ wò ó, Bùọ̀dá. Ó kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, méje àti ààbọ̀ ló ń gbé jáde. Wọ́n tún ń rẹ́ àwọn òyìnbó gan-an jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ọmọ wí, ọgbọ̀n lẹ máa fi sí."

"Ọgbọ̀n?"

"Ọgbọ̀n."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e sí ọgbọ̀n. Ì bá ti fà á wò lójú mi níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pe ìrun àsárì, ó ki í bọ àpò, ó kọjá lọ sí mọ́ṣáláṣí. Èmi fúnra mi kò fà á wò. Mi ò fa sìgá rí láyé mi. Ẹni tó bá sebẹ̀, á tọ́ ọ wò. Èmi kò tọ́ ọ wò, mo kàn ṣírò rẹ̀ ni.

Ó lé díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan kí ìyàwó rẹ̀ tó pè mí. Mo ti wà nínú ilé kí ó tó wọlé ọkọ, nítorí náà ọkọ ni mo jẹ́ fún un, Ẹnjiníà ló sì fi ń pè mí dípò orúkọ.

"Ọkọ mi, Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n yín ò jẹun. Ẹ̀kọ tútù nìkan ló ń lọ lọ́fun rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti há, ó ń wúkọ́ bí ajá tí eegun há lọ́rùn."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tó ti ń fa nǹkan tí ọmọ fi ránṣẹ́. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àná ló jù ú sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti padà sídìí igi máńgòrò rẹ̀. Ó ní sìgá sàn fún òun jù ú lọ."

Bí ẹ bá jẹ́ èèyàn gidi, ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ro ara yín wò nìyẹn. Èmi ní kò yà mí lẹ́nu. Mo ní ọjọ́ tí mo wọ̀n ọ́n ni mo ti mọ̀ pé ayédèrú ni, ẹrù tó bá ti parọ́ wáàtì, kò sí ohun tí kò ní parọ́ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa fún un ní oyin. Ó kí mi kú ìtọ́jú, ó sì fi àdúrà lé e fún àwọn ọmọ mi.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni oníbàárà kan gbé ìńfátà wá. Olùkọ́ ni, iṣẹ́ iná ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kì í pariwo, kì í sì gbàgbé nǹkan, irú oníbàárà tí mi ò fẹ́ràn. Mo fi mítà wọn ìńfátà rẹ̀, mo ní iná rẹ̀ kò tó. Ó wo gílóòbù tí a so mọ́ ọn, ó ń tàn rekete. Ó yọ mítà tirẹ̀ nínú báàgì, ó fi wọ̀n ọ́n, iná náà pé pérépéré.

"Ẹnjiníà, mítà yín yìí, iná tó ń ṣàn geere ló mọ̀ ọ́n wọ̀n," ó ní. "Iná tó ń jáde ní gígé gígé, tó ń wá tó ń dáwọ́ dúró, kò mọ̀ ọ́n."

"Kí ló ń ṣe sí i?"

"Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n ń gbá èèyàn létí. Wọ́n gbá a, wọ́n sinmi, wọ́n gbá a, wọ́n sinmi. Mítà yín á da ìgbátí pọ̀ mọ́ ìsinmi, á pín in dọ́gba, á wá sọ fún yín pé wọ́n kàn ń fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́ ni."

Mo wá bi í, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn, bóyá ó mọ sìgá oníbátìrì. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Mo ní bí wọ́n bá fi mítà bíi tèmi wọ̀n ọ́n ńkọ́? Ó ní èyí tó pọ̀ nínú wọn, gígé gígé ni iná wọn ń jáde, irú mítà bẹ́ẹ̀ á máa pè é ní ìdajì. Ó ní kí ló dé. Mo ní atúnnǹkanṣe kan ni, lápá Ọjà-Ọba, òun ló wọn ti oníbàárà kan bẹ́ẹ̀ tó sì ní kó gbé e sókè sí ìlọ́po méjì.

"Á ti jó o lọ́fun," olùkọ́ náà ní. "Kí Ọlọ́run gbà wá lọ́wọ́ irú wọn."

Mo ní, "Àmín."

Nígbà tó lọ tán, mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nílùú òyìnbó. Mo ní kó bá mi wá ìwé ẹ̀rọ náà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, kó ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní, "Ṣé kò sí o, Ańkù?" Mo ní kò sí, mo kàn fẹ́ fi pamọ́ ni. Kí n tó délé, àwòrán náà ti dé, ojú ìwé mẹ́fà. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo ka ìwé ẹrù fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́.

Ojú ìwé kejì ló ti wà. Kọ́ìlì yìí, láti wáàtì méjìlá dé méjìdínlógún, kó má kọjá bẹ́ẹ̀, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀ òwú á jó. Kí wọ́n tó lò ó, kí wọ́n rọ omi sí i, kí wọ́n dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni mo kan gbólóhùn kan tí mo kà tó ìgbà mẹ́ta. Ó ní ẹni tó bá ti ń fa sìgá tẹ́lẹ̀ kó má fà á bíi sìgá, kí ó má fà á kíá kíá. Kó rọra fà á, kó pẹ́ lórí rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní rí nǹkan kan fà.

Ohun tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ rẹ̀ dára, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kàn ń fà á bó ṣe ti ń fa sìgá láti ogójì ọdún ni. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n kà sí i létí lọ́jọ́ tó wá, ì bá sì ti kúrò nídìí sìgá. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé eegun. Mo bínú sí mítà, mo bínú sí ọmọ tó fi ìwé sílẹ̀ nítorí ìbọ̀sẹ̀, mo bínú sí olùkọ́ tó gbé ìńfátà wá. Nígbà tí mo bínú sí gbogbo wọn tán, ó wá ku èmi nìkan.

Mi ò lọ bá a lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ pọ̀. Lọ́jọ́ kẹta iṣẹ́ kò pọ̀, mo wá a. Ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sọ fún àwọn èèyàn pé ó dá òun lójú, ẹnu rẹ̀ kì í tètè yí sí ọ̀nà mìíràn. Ó di pé ọjọ́ márùn-ún ló kù kí wọ́n máa wo oṣù ààwẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Bí a ṣe kírun tán, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé Adéwọlé ni, kí n má bàa rí àyè yí ọkàn padà.

Mo bá a lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé, jàlàbíà eérú wà lọ́rùn rẹ̀, sìgá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mi ò sì dìde.

"Bùọ̀dá, mo wá tùúbá ni."

"Kí lo ṣe?"

"Ọgbọ̀n tí mo ní kí ẹ fi ẹ̀rọ yẹn sí, mo ṣì í. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kọ tẹ́lẹ̀, òótọ́ ló kọ. Mítà mi ló parọ́." Mo tún un sọ. "Mítà náà ò parọ́. Èmi ni mi ò mọ ohun tó ń sọ."

Ó gbọn eérú sìgá sílẹ̀. "Mo fura," ó ní.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ kejì. Mo gbé e padà sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo rí i pé ọ̀fun mi fúyẹ́. Ni mo bá tún gbé e sí ọgbọ̀n."

"Ẹ tún gbé e sí ọgbọ̀n? Kí ló dé, Bùọ̀dá?"

"Ìwọ lo sọ pé ọgbọ̀n ni."

Ó ń wo ògiri fẹ́ǹsì bí ẹni tó fẹ́ wọ̀n ọ́n.

"Mo rò pé bí sìgá ṣe ń jáde lára èèyàn nìyẹn," ó ní. "Ogójì ọdún kì í ṣe eré. Mo ní bóyá kàfárà ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, kí n fara dà á. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mi ò lè gbé itọ́ mì mọ́, ni mo bá fi sílẹ̀. Ojú rẹ ló ń tì mí, ni mi ò fi pè ọ́. Mi ò fẹ́ kí o rò pé mi ò lè fara da ìyà."

Omi bọ́ lójú mi, mi ò nù ún. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń fa òwú jíjó sínú àyà tí dókítà ti ní kó tọ́jú, nítorí pé mo ní ó dá mi lójú.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà wá láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo yọ kọ́ìlì àtijọ́, òwú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fi tuntun sí i, mo rọ omi, mo gbé ìwé jáde lórí fóònù mi, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún un ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ìwé ní ká dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a sì dúró. Mo ní kó rọra fà á, kó pẹ́ lórí rẹ̀. Mo wá na ẹ̀rọ náà sí i.

"Bùọ̀dá, ẹ fọwọ́ ara yín gbé nọ́ńbà náà sí ibi tó yẹ, kí ẹ fojú ara yín rí i."

"Bá mi gbé e síbẹ̀. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Mo gbé e sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo tẹ̀ ẹ́ kọjá, mo tún dá a padà. Mo yí ojú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ rẹ̀ kó lè kà á, mo ní, "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi sí." Ó tẹ sìgá ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́nu. Kò wo nọ́ńbà náà.